Òtẹ́ẹ̀lì Ẹ̀bá Ọ̀nà Kalavi

Obìnrin tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní ilé sí Kutọnu kì í lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì ní Kutọnu. Kò sí ẹni tó ṣòfin rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìyàwó ilé kan ní Pọbẹ tí kò mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì tún di ẹrù mi, mo kó ọmọ méjì lẹ́yìn, mo lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó dúró ná, kó gbọ́ ẹjọ́ mi tán.

Ọmọ mi obìnrin ló fà á. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege nínú bakì, ìdánwò àṣejáde lísè wa, orúkọ rẹ̀ sì ti jáde ní yunifásítì Kalavi. Ọjọ́ tí èsì náà dé, mo jó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ títí dé ilé, àwọn èèyàn ń fi mí rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà, kò kàn mí. Ijó ò tíì tán lẹ́sẹ̀ mi tí ọkọ mi fi ní, "Ilé Dàda ni yóò máa gbé."

Dàda la máa ń pe ẹ̀gbọ́n ẹni tó bá jẹ́ obìnrin lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, òun ló tọ́ ọ dàgbà, èmi àtàwọn ọmọ náà ò sì pè é lóhun mìíràn. Akpakpa ló ń gbé, ní òdìkejì ọ̀sà, ìlà-oòrùn Kutọnu pátápátá. Kalavi ní tirẹ̀ wà lókè ọ̀hún, lẹ́yìn ìlú. Ọmọ tó bá ń ti Akpakpa lọ síbẹ̀ láràárọ̀ yóò gun afárá, yóò la gbogbo Kutọnu já nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kó tó dé kíláàsì, olùkọ́ á ti máa palẹ̀ mọ́. Ìyẹn nìkan kọ́. Ilé Dàda kì í ṣófo. Ará Pọbẹ tó ń lọ ilé ìwòsàn, ọmọ ẹbí tó ń wá iṣẹ́, ìyàwó tó fẹ́ bímọ, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń sọ̀ sí. Ọmọbìnrin tó bá wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìkòkò ló máa mọ̀, kì í ṣe ìwé. Ọmọ mi ní yàrá kékeré lòun fẹ́ gbà lẹ́bàá yunifásítì bíi tàwọn ẹgbẹ́ òun. Ó ń sọ ọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọkọ mi ní, "Ọmọ tí kò dá wọ mọ́tò dé Kétu rí, ṣé Kutọnu ló fẹ́ máa dá rìn?" Nígbà tó rí i pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó yára fi kún un pé, "Ohun tí Dàda bá sọ ni abẹ gé."

Inú bí mi. Èmi kì í pẹ́ bínú, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ mí mọ́ ọn. Mo ní, "Ó dáa. Màá mú un lọ sí Kutọnu nínú ìsinmi yìí. Tó bá dá lọ sí Kalavi, tó sì dá bọ̀, kí lẹ tún rí wí?" Ó bi mí pé ibo la máa sùn sí. Mo ní òtẹ́ẹ̀lì ni. Ó dìde fùú lórí àga. "Ẹ má jẹ́ kí Dàda gbọ́ o! Bó bá gbọ́, kò ní gbà fún ọmọ yẹn láéláé. Èmi ò sì sí níbẹ̀, èmi ò mọ nǹkan kan." Ọkùnrin yẹn! Ọkọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọdé ni.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a ò sùn sọ́dọ̀ Dàda ká máa tibẹ̀ lọ. Ẹ ò mọ Dàda ni. Kò ní jẹ́ kí ọmọ náà dá jáde. Ọjọ́ kìíní, yóò fi ẹnìkan tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kejì, àlejò á dé, ọmọ á wọ ilé ìdáná, ó parí. Ohun tí mo pète ni pé ká kọ́kọ́ sùn síbi tí mọ́tò Kalavi ń kọjá, kí ọmọ mọ ọ̀nà náà bí ẹní mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, a ó wá gbé ọsàn àti gaàrí lọ kí Dàda ní Akpakpa, bíi pé àárọ̀ ọjọ́ náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọmọ á fẹnu ara rẹ̀ ròyìn, èmi á sì kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

Ẹ wo bí ilé wa ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìnàjò náà! Oúnjẹ ò wọ̀ wá lọ́fun mọ́. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, a ó pa orí pọ̀ sórí fóònù, a ó máa wo òtẹ́ẹ̀lì. Ọmọ mi ọkùnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ orí tí ohùn ń yí padà, ní òun ò lọ síbi tí kò ní omi ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ihò iná pọ̀ lára ògiri, kí wọ́n má bàa máa jà nítorí fóònù. Èmi ní kí balùwẹ̀ mọ́, kí ilé ọtí má sí nísàlẹ̀, kó má sì ju agbára tíṣà lọ. Àwòrán inú fóònù sì lẹ̀ ń wò yẹn, kò sí òtẹ́ẹ̀lì tó burẹ́wà níbẹ̀! Bẹ́ẹ̀dì ń dán, òdòdó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin mi wá rí ọ̀kan ní Fidjrossè, lẹ́bàá òkun, tí kò wọ́n rárá. Ó pariwo débi pé bàbá rẹ̀ sáré wọlé. A pe ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì náà, ó ní, "Màdáàmù, ẹ ó gbádùn." Mo ní kó fi yàrá sílẹ̀ dè wá, ṣùgbọ́n mo ní mi ò ní sanwó àfi tí mo bá fojú rí i.

Ọjọ́ tí a lọ, kí àkùkọ tó kọ ni àwọn ọmọ ti wẹ̀. A wọ takisí ní Pọbẹ, a gba Àjàṣẹ́, a já sí Sèmè, afẹ́fẹ́ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọ inú ọkọ̀, ọmọkùnrin mi yọ orí sí ìta, ó ń fà á símú. Inú èmi náà ń dùn ṣìnkìn. Mo ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Àfi bí mo ṣe rí i pé a ti ń wọ Akpakpa. Yéè! Mo ti gbàgbé pé ọ̀nà Àjàṣẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ àdúgbò Dàda kọjá, ó sì máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà títì ní àárọ̀. Mo fa gèlè mi bo ojú, mo tẹ̀ ba sáàárín ẹsẹ̀ mi. Àgbàlagbà tó jókòó tì mí bi mí pé ṣé èébì ń gbé mi ni. Ẹ̀rín pa àwọn ọmọ mi títí a fi gun afárá. Ọmọbìnrin mi ní, "Màmá, ẹ lè gbórí sókè, ọ̀sà ti dé." Mo ní kí wọ́n pa ẹnu wọn mọ́, ẹ̀rín sì ń pa èmi náà.

Ní Fidjrossè, ẹ gbà mí gbọ́, àwòrán yẹn kò purọ́. Òdòdó wà níbẹ̀. Yàrá mọ́ tónítóní, ìró òkun ń wọlé láti ojú fèrèsé. Ọmọkùnrin mi ti ju báàgì sílẹ̀, ó ti bọ́ bàtà. Ṣùgbọ́n èmi ní ọgbọ́n kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi: kí n tó gba kọ́kọ́rọ́ níbikíbi, màá lọ dúró lẹ́nu géètì, màá wo ohun tó ń kọjá. Mo dúró. Ewúrẹ́ kọjá. Ọmọ kan tó ń yí táyà kọjá. Iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀ láti ọ̀tún dé òsì, mi ò rí mọ́tò kankan. Mo bi ọ̀gá ibẹ̀ pé báwo ni ọmọ mi ṣe máa ti ibí lọ sí Kalavi. Ó ní ká kàn pe sẹmijan, àwọn ọlọ́kadà aláṣọ yẹ́lò yẹn, kó gbé e dé títì ńlá, kó wá wọ mọ́tò níbẹ̀, kó tún sọ̀, kó tún wọ òmíràn. Mo ní tí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òjò ò lè rọ̀ títí ayé.

Mo gbé báàgì mi. Ọmọkùnrin mi ní, "Màmá, òkun nìyẹn! Òkun gan-an!"

Mo ní, "Ṣé òkun ló máa gbé ẹ̀gbọ́n rẹ lọ sí yunifásítì?" Ó fajú ro, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Étoile Rouge.

Étoile Rouge yìí ni oríta ńlá kan láàárín ìlú, ọ̀nà pọ̀ níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ló sì já sí Kalavi. Èmi ni mo ní ká lọ yẹ ibẹ̀ wò. A fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, a rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ọ̀dà ti ń ṣí lára rẹ̀, ilé ìtajà oògùn wà nísàlẹ̀, a kọ òtẹ́ẹ̀lì sókè. Kò sí òdòdó. Kò sí omi ìlúwẹ̀ẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe máa ń ṣe, mi ò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tí bọ́ọ̀sì kékeré kan fi dúró lẹ́sẹ̀ mi, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sì fohùn tó lè jí òkú pariwo pé, "Kalavi! Kalavi! Kalavi-Kpota!" Òmíràn tún ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òmíràn tún ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn! Mo wo ọmọ mi obìnrin, òun náà wò mí, a bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ jó níbẹ̀, ọmọ ọ̀hún ló di ọwọ́ mi mú.

Ọmọge tó wà nídìí tábìlì kọ́kọ́ sọ Fọ̀n sí wa, ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ tí mo ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," àṣé ọmọ Ṣábẹ̀ ni. Mo ní kó fi yàrá hàn mí. Mo ṣí omi, ó ṣàn. Mo ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì sókè, mo yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Mo gbóòórùn balùwẹ̀. Yàrá ìdílé ni, bẹ́ẹ̀dì ńlá kan fún èmi àti ọmọbìnrin mi, kékeré kan fún ọmọkùnrin, ihò iná sì pọ̀. Mo ní ká mú èyí tó ní fáànù, òun ló rọjú. Àwọn méjèèjì kàn ń wò mí. Ẹ mọ bí ọmọ ṣe máa ń woni nígbà tí kò fẹ́ bẹ̀bẹ̀? Mo ní, "Ó ti tó, ẹ fún wa ní ti klíìmù." Bí ẹ̀rọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ tútù, ọmọkùnrin tó ti fajú ro láti Fidjrossè fò sórí bẹ́ẹ̀dì, ó nà gbalaja, ó ní òun ò padà sí Pọbẹ mọ́.

Ọjọ́ kejì, gbogbo wa la lọ sí Kalavi. Mo ń fi ibi gbogbo han ọmọ mi: Vêdoko nìyí, pápá ìṣeré ńlá nìyí, Godomey nìyí, ibi tí àwọn ọ̀nà ti ń gorí ara wọn, ibẹ̀ ni kó o ti la ojú rẹ o. Nínú ọgbà yunifásítì, ó ń rìn bíi pé òun ló ni ilẹ̀. Ọjọ́ kẹta, mo ní kó ṣáájú, kó sanwó ara rẹ̀, kó pe ibi tó máa sọ̀. Èmi àti àbúrò rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, a ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó yí ojú padà lẹ́ẹ̀kan, mo gbójú sí ìta. Ó mọ̀ ọ́n lọ, ó mọ̀ ọ́n bọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà a jẹ ẹja díndín àti àkàsà títí a ò fi lè dìde.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà láràárọ̀. Láti ọjọ́ tí fóònù ti dé ọwọ́ mi, kò sí àárọ̀ tí mi ò pe Dàda kí i. Bí mi ò bá pè títí oòrùn fi yọ, yóò pe ọkọ mi, yóò bi í pé ṣé ara ìyàwó wa ò yá ni. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, èmi á ti fèrèsé pinpin, èmi á pa klíìmù, èmi á ní kí àwọn ọmọ má mí. Èmi á wá kúnlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí mi ò lè kí Dàda lóòró kódà lórí fóònù. "Ẹ káàárọ̀, Dàda. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Dàda á ní, "Mo sùn dáadáa, ìyàwó wa. Pọbẹ ńkọ́?" Èmi á ní, "Pọbẹ wà o, Dàda. Òjò rọ̀ lánàá." Àwọn ọmọ á ti ki ojú bọ ìrọ̀rí, èjìká wọn á máa gbọ̀n.

Ọjọ́ kẹrin ni ọmọ mi fẹ́ dá lọ. Ẹrù ń bà mí, ayọ̀ sì ń pa mí, mi ò mọ èyí tí mo fi síwájú. Mo bá a sọ̀kalẹ̀ dé etí títì. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó jókòó lójú fèrèsé, ó juwọ́ sí mi, eyín rẹ̀ funfun. Ọkọ̀ ṣí. Orí mi wú. Ọmọ tí mo pọ̀n lẹ́yìn lánàá! Fóònù wà lọ́wọ́ mi, oòrùn ti yọ, mo ní háà, mi ò tíì kí Dàda. Ayọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n ronú. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti pè é, mo tẹ orúnkún díẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà.

"Ẹ káàárọ̀, Dàda mi. Ṣé ẹ sùn..."

"Kalavi! Kalavi! Àyè kan péré! Kalavi-Kpota!" Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kan ni, ó dúró sí etí mi gan-an.

Dàda ní, "Ariwo kí nìyẹn?"

Mo ní, "Rédíò ni, Dàda."

"Rédíò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Kí àbúrò mi fún mi." Ó pa fóònù.

Mo sáré gun àkàsọ̀. Mo bá ọmọkùnrin mi lórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Màmá, Dàda pè mí. Ó ní ibo la wà." Mo ní kí lo sọ? Ó ní, "Màmá, Dàda ni o! Mo sọ fún un." Ó ti sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ilé oògùn tó wà nísàlẹ̀. Mo jókòó. Ó tán. Mo pe ọkọ mi, mo ròyìn fún un. Ó ní, "Èmi ti sọ pé mi ò sí níbẹ̀." Mo pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ọmọbìnrin mi ti ṣèlérí pé òun á bá wa jẹun ọ̀sán. Ọ̀sán dé, kò dé. Mo pè é, fóònù rẹ̀ ti kú. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò Kutọnu tí kì í bẹ̀bẹ̀, títì kún fún omi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ wá jókòó níwájú tábìlì ọmọ Ṣábẹ̀, mo ń wo gbogbo bọ́ọ̀sì tó ń dúró. Takisí kan ló wá dúró. Dàda ló bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ó wọlé, ó gbọn omi nù kúrò ní ìborùn rẹ̀, ó wo ògiri, ó wo àga, ó wá wò mí. "Ìyàwó wa. Ṣé Pọbẹ ló ti wá sún mọ́ Kalavi tó báyìí ni?"

Orúnkún mi ti wà nílẹ̀. Mo ní, "Dàda, ẹ má bínú."

"Kí ni mo fi ṣe yín? Ṣé oúnjẹ mi ni kò dára? Àbí ẹní mi ni ìdun wà nínú rẹ̀?" Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Ṣebí ilé mi lo bí ọmọbìnrin yẹn sí? Ọwọ́ mi ni mo fi gbà á. Òun ni ẹ wá ń gbé sá pamọ́ fún mi?"

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí. Mo sọ òtítọ́ fún un, gbogbo rẹ̀. Mo sọ pé ọmọ fẹ́ gba yàrá ní Kalavi, pé ọ̀nà Akpakpa jìn, pé bàbá rẹ̀ ní ohun tí Dàda bá sọ ni abẹ gé, pé mo fẹ́ kó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà kí n tó wá bẹ̀ ẹ́. Mo tún sọ èyí tí mi ò fẹ́ sọ: "Dàda, ilé yín kì í ṣófo. Tó bá wà níbẹ̀, kò ní lè kàwé." Ó wá bèèrè pé, "Ọmọ mi dà?"

"Ó lọ sí Kalavi."

"Pẹ̀lú ta ni?"

"Òun nìkan ni, Dàda."

"Nínú òjò yìí?" Ó fa fóònù yọ, ó pe ọkọ mi. Ọkọ mi ò gbé e. Ó tún pè é. Ọkùnrin náà ò gbé e. Dàda jókòó, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, èmi jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo ń rò nìkan ni pé bí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí, èmi ni mo fọwọ́ ara mi tì í. Kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ yàrá mọ́. Kó ṣáà dé ni.

Ó dé nígbà tí òjò ti ń dá. Omi ń ṣàn lára rẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín kó tó rí ẹni tó jókòó. "Màmá, mo ṣìnà! Mọ́tò tí mo wọ̀ bọ̀ yà sọ́nà Wídà ní Godomey! Mo rí pátákó, mo pariwo pé mo fẹ́ bọ́lẹ̀, awakọ̀ ń bú mi, mo ń bú u padà lọ́kàn mi! Mo bọ́lẹ̀, òjò dé. Mo fi Fọ̀n bi ìyá kan tó ń sun àgbàdo, ó fọwọ́ hàn mí, mo rìn padà, mo wọ òmíràn. Mi ò sunkún, Màmá! Ó kù díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò sunkún." Ìgbà yẹn ló wá rí Dàda. Ó kúnlẹ̀ gbì sínú omi ara rẹ̀.

Mo gbá a mọ́ra, mo bú sẹ́kún, mo tún gbá a létí díẹ̀ nítorí fóònù tó kú. Dàda jẹ́ kí a ṣe tiwa tán. Ó wá ní kó sún mọ́ òun, ó fi ìborùn rẹ̀ nu orí rẹ̀ gbẹ, ó ń nù ún bíi ti ọmọ ọwọ́. Ó ní, "O wá bọ́lẹ̀ nínú òjò."

"Mo bọ́lẹ̀, Dàda."

"Ẹrù ò bà ọ́?"

"Ó bà mí, mà."

Dàda mi orí. Ó ní, "Èmi ò dé Kalavi rí." Mo wò ó. Ó ti pẹ́ ní Kutọnu ju ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ lára wa lọ. "Ta ni mo fẹ́ lọ bá níbẹ̀? Àwọn èèyàn ló ń wá bá mi." Ó dìde. Mo rò pé ó fẹ́ ní ká lọ kó ẹrù wa, a óò máa lọ sí Akpakpa. Ó ní, "Yàrá ọ̀hún dà? Ẹ jẹ́ kí n rí i."

A mú un gòkè. Ó fọwọ́ kan aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fọwọ́ kan ìrọ̀rí. Ó bi mí pé ta ló tẹ́ ẹ. Mo ní àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni, pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá tẹ́ ẹ. "Ẹ ò sì bá wọn fọ nǹkan kan?" Mo ní rárá o, Dàda. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó rọra dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ńlá náà. Ọmọkùnrin mi tan klíìmù fún un. Ó pa ojú dé.

Ó ní, "Àbúrò mi nígbà tó ń kàwé. Ìwọ nígbà tí o fẹ́ bímọ. Ìyá rẹ nígbà tó ń ṣàìsàn. Mi ò lè ka àwọn tí mo ti tẹ́ ẹní fún tán. Kò sí ẹni tó tẹ́ ẹní fún mi rí." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Mo jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ń fọwọ́ ra á.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọkọ mi ti ní ìgboyà níkẹyìn. Dàda gbé e sétí láìla ojú. A ń gbọ́ ohùn ọkùnrin náà tó ń bẹ̀bẹ̀ láti Pọbẹ, kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. "Dákẹ́, jàre. Ọmọ rẹ yóò gba yàrá ní Kalavi... Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ? Ṣé ìwọ lo ṣọ́ ọ ní Godomey lónìí?... Rárá, mi ò sí nílé. Mi ò padà sílé lónìí. Sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi kó dúró dọ̀la."

Ọmọbìnrin mi ti wà nílẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀, ó di ọwọ́ Dàda mú, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún tí kò sun ní Godomey. Dàda la ojú kan wò ó.

"Ó tó, má fi omi ojú bà mí láṣọ jẹ́. Yàrá tí o bá gbà yẹn, ẹní ni kí o kọ́kọ́ rà sí i. Mò ń bọ̀ wá sùn, ìwọ lo sì máa tẹ́ ẹ fún mi."